Ẹ Sọ Iye Àtẹ̀gùn Fún Wa: Aláàbọ̀ Ara Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Tó Ti Di Mùsíọ́ọ̀mù

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Àbújá. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí ẹ bi mí kún un.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Alága wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbà á pé mo ti kúnlẹ̀.

Nígbà tí akọ̀wé gbé àkọlé ọ̀rọ̀ yìí sórí WhatsApp wa, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an fèsì lójú ẹsẹ̀: “Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? A ò ní rí ẹ̀wọ̀n o!” Ni àmín bá ń rọ́ wọlé. Èmi náà ṣe àmín tèmi. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ ẹ̀wọ̀n tí kò ní gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, kò sí ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn á sanwó, á wọlé, á sì jáde nígbà tó bá wù ú.

Ìyẹn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e.

Irú ibẹ̀ pọ̀ láyé. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn òyìnbó kọ́ sí Broad Street ní ìparí ọ̀rúndún 19 ti di Freedom Park láti 2010. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe tún ibẹ̀ kọ́. Orúkọ Herbert Macaulay àti ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ so mọ́ ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ gbọ́ orin níbẹ̀ lónìí. Ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, Kilmainham wà, tí wọ́n ṣí ní 1796 tí wọ́n sì tì ní 1924. Ní Amẹ́ríkà, Alcatraz ń bẹ láàárín omi San Francisco, tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi ṣe ẹ̀wọ̀n láti 1934 di 1963. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ mọ erékùṣù Robben, níbi tí Mandela ti lo ọdún 18 nínú ọdún 27 tó fi wà látìmọ́lé. UNESCO ti kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti 1999.

Àwọn kan á ní, kí ni obìnrin tí kò lè rìn ń wá lọ sí irú ibẹ̀? Olùkọ́ ìtàn ni mí. Kàdúná ni rọpárọsẹ̀ ti mú mi ní kékeré, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, orí ìjókòó ni mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo ti fi ẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó wù mí kí n fi ojú ara mi rí i. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀: bí mo bá rìn jìnnà, èmi gan-an ni abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn èrò á gbàgbé mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n á máa wò mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò ṣèèṣì ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ ní tóóró. Ó fẹ́ kí ènìyàn kan ṣoṣo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́dà lè kà wọ́n. Àtẹ̀gùn irin tó ń dún gbọ̀ngànrangan, ẹnikẹ́ni kò lè yọ́ rìn lórí rẹ̀ lóru. Bí wọ́n bá sì kọ́ ọ sí àárín omi tàbí sórí òkè, nítorí kí ẹsẹ̀ má lè sá ni. Gbogbo ilé náà, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, iṣẹ́ kan ni wọ́n rán an: kó dá ènìyàn dúró. Ìjọba lè yí pátákó ẹnu ọ̀nà padà, kí wọ́n kọ mùsíọ́ọ̀mù sí i, kí wọ́n kun ògiri. Ilé ò gbọ́ pé wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀yin bá wọ ibẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ kọjá. Bí èmi bá dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà n kì í bínú sí ilé. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé ni mo ní ọ̀rọ̀ fún, ọ̀rọ̀ náà kò sì pọ̀: ẹ sọ òótọ́ fún wa kí a tó kúrò nílé.

Ẹ wo Alcatraz. N kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí mo jókòó sí ní Kubwa, mo mọ̀ pé láti èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ń já èrò sí títí dé ilé tí yàrá ẹ̀wọ̀n wà, òkè ni, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 130, bí ìgbà tí ènìyàn ń gun ilé alájà mẹ́tàlá. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná wà tó ń gbé àwọn tí kò lè gun òkè náà. Ta ló sọ fún mi? Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé. Wọn kò purọ́ pé òkè kò sí. Wọ́n ní òkè wà, báyìí ló ṣe ga tó, ohun tí a sì ṣe sí i nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá gbé e, kó mọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ibòmíràn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé ọmọlúàbí ni àwọn tó gbà mí níbẹ̀, wọn kò sì ní in lọ́kàn láti ṣe mí níbi. Ìlú kan ní Àríwá níbí ni. Ilé kan tí àwọn amúnisìn ti ń ti ènìyàn mọ́lé láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí báyìí. Mo pè wọ́n lórí fóònù kí n tó kúrò ní Àbújá. Hausa ni mo sọ, ẹnu mi gbọ́ ọ láti Kàdúná. Mo ní orí kẹ̀kẹ́ arọ ni mo wà, ṣé mo lè wọlé? Ọkùnrin tó gbé fóònù ní, “Hàjíà, ba matsala.” Kò sí wàhálà, kí n ṣáà máa bọ̀. (Kìrìsìtẹ́nì ni mí o, ṣùgbọ́n ní Àríwá, ìyá tó bá ti dàgbà tó sì borí, Hàjíà ni.)

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe múra, èmi àti ọmọ àbúrò mi obìnrin.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn òkúta mẹ́rin ló kọ́kọ́ kí wa, etí wọn ti jẹ. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, gegele símẹ́ńtì kan dábùú ẹnu ọ̀nà, ó ga tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́yìn gegele, ilẹ̀kùn ńlá onígi tí wọ́n kan irin mọ́. Ilẹ̀kùn ńlá yìí kì í ṣí mọ́, ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n gé sínú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ gbà wọlé. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo kẹ̀kẹ́ mi. Ọkùnrin orí fóònù yọ jáde, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Hàjíà, ṣé mo sọ fún yín pé kò sí wàhálà? A máa gbé yín ni.”

Ó pe mégáàdì. Mégáàdì pe ẹni tó ń bomi rin òdòdó. Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò lábẹ́ igi dongoyárò náà sọ̀ kalẹ̀ wá, Ọlọ́run á bù kún un, kò sí ẹni tó pè é. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ: ìró, àti ọkùnrin mẹ́rin tí n kò mọ̀ rí. Mo fi ọwọ́ kan di ìró mú, mo fi ọwọ́ kejì di kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gbá apá kẹ̀kẹ́ mú. Apá kẹ̀kẹ́ yẹn, ó ṣeé yọ. Bí mo bá fẹ́ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń yọ ọ́. Mo kígbe pé kó má di ibẹ̀ mú, abẹ́ ìjókòó ni kó dì mú. Kò gbọ́, nítorí gbogbo wọn ló ń pàṣẹ fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé àtẹ̀gùn kẹta, apá kẹ̀kẹ́ yọ sí i lọ́wọ́. Mo fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹrù tí wọn kò dì dáadáa sórí ràkúnmí. Ọmọ àbúrò mi ló fi èjìká gbà mí dúró.

Wọ́n gbé mi wọlé ṣá. Wọ́n yọ mí kúrò lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré yẹn, wọ́n pa kẹ̀kẹ́ pọ̀, wọ́n kọ́kọ́ tì í wọlé, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n gbé mi jókòó tán nínú àgbàlá, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọlọ́kadà ti rí èrò.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá gbé wọlé, ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí ló wà. Mo fẹ́ wo yàrá kejì: àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀, mo ní láti dúró kí ọmọ àbúrò mi lọ wá mégáàdì. Mo fẹ́ padà síbi tí òjìji wà: mo ní láti béèrè. Ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, èmi nìkan nínú gbogbo àlejò ọjọ́ yẹn ni mo ń gba àyè kí n tó kúrò lójú kan.

Amọ̀nà tí wọ́n fún wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, láti Ìlọrin. Ó mọ ìtàn ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n orí ọmọ àbúrò mi ló ń wò bó ṣe ń ṣàlàyé. Ó bi í pé, “Ṣé Màmá fẹ́ wo yàrá tí wọ́n ti ń dá àwọn alágídí nìkan wà?” Ọmọ náà ní, “Ẹ bi wọ́n fúnra yín, sà. Ẹsẹ̀ wọn ló rọ, ẹnu wọn ò rọ.” Ojú ti arákùnrin yẹn, ó bẹ̀ mí, láti ìgbà yẹn èmi ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Mo kàn ń sọ ọ́ nítorí àwọn tó wà níbí tí yóò ṣe irú rẹ̀ lọ́la.

Ká ní ẹni orí fóònù ti sọ fún mi pé àtẹ̀gùn mẹ́rin wà, òkúta ni, gegele kan tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn kò fẹ̀ ju báyìí lọ, ilé ìtura, ìyẹn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ kò sí. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà á. Mo lè gbé kẹ̀kẹ́ mi kékeré dání dípò ńlá. Mo lè wọ ṣòkòtò dípò ìró. Mo lè mú ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé mi. Mo sì lè pinnu pé n kò lọ, kí n jókòó sílé mi kí n ka ìtàn ibẹ̀. Ìpinnu yẹn, tèmi ni. “Kò sí wàhálà” ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní nọ́ńbà díẹ̀, kí ẹ má rò pé ẹ̀dùn ọkàn lásán ni mo gbé wá. Kẹ̀kẹ́ mi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 65. Kí ọwọ́ mi má baà bó lára férémù, ó yẹ kí ẹnu ọ̀nà tó 80 ó kéré tán. Ọ̀nà dàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ramp, ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni pé bó bá fi 1 ga, kó fi 12 gùn. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ ramp tó gùn ní 180, ìyẹn bí ọkùnrin gíga kan bá nà gbalaja sílẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ń fẹ́ mítà méje ó lé. Káfíńtà tó bá sọ fún yín pé òun á fi pákó mítà méjì gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, ẹ ní kó kọ́kọ́ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí àwa aláàbọ̀ ara mọ̀ láàárín ara wa tí a kì í sọ níta: bí a bá ń rìnrìn àjò, a kì í mu omi. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń dín omi kù, torí n kò mọ bí ilé ìtura ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ mọ oòrùn oṣù kẹta ní Àríwá níbí. Ènìyàn á wà nínú ọkọ̀ fún wákàtí márùn-ún, ètè á gbẹ, orí á máa fọ́ ọ, ìgò omi tútù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lè fẹnu kàn. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan bá kọ ọ́ síta pé “ilé ìtura wa wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ ní 85, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó”, omi ni wọ́n fún mi mu yẹn, láti Àbújá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Erékùṣù Robben dára jù nínú ibi tí mo ti dé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa láti Cape Town. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n òṣèlú níbẹ̀ rí ló ń mú àlejò káàkiri. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́lé níbẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi.

Yàrá Mandela kò tó mítà mẹ́ta ní gígùn, ilẹ̀kùn onírin gbọọrọ gbọọrọ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yìn irin yẹn ni gbogbo ènìyàn ti ń wo inú. Àwọn èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù ni wọ́n ń gbé sókè. Nígbà tó kàn mí, wọ́n là fún mi, mo ti kẹ̀kẹ́ mi dé ìdí irin. Ẹni tó dúró, òkè ló ti ń wo yàrá yẹn bọ̀. Ohun tó máa ń rí ni pé ó kéré. Èmi jókòó. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ibi tí ojú ẹni tó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà máa wà. Mo rí ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká jọ, mo rí àpótí kékeré, mo rí garawa onídèérí tó fi ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rí bí garawa ṣe sún mọ́ ibi tí orí máa wà bí ènìyàn bá sùn. Mo sọ fún amọ̀nà wa. Ó wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdérí ni ọ̀rẹ́ ẹni lóru.

Ní òde, bọ́ọ̀sì ló ń gbé àlejò yí erékùṣù náà ká. Wọ́n fi ibi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń wa òkúta ẹfun hàn wá. Oòrùn tó ń ta lára òkúta funfun yẹn àti eruku rẹ̀ ba ojú ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Mandela fúnra rẹ̀, omi kò lè jáde lójú rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 1994. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bẹ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n má fi iná kámẹ́rà tàn án lójú. Ẹ̀wọ̀n máa ń sọ alára líle di aláàbọ̀ ara. Èyí kò sí nínú ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsìnkú kan. Àwọn adẹ́tẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti 1846 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń kó àwọn adẹ́tẹ̀, àwọn tí orí wọn dàrú, àti àwọn aláìsàn tí kò ní olùtọ́jú lọ sí erékùṣù náà, kí ojú ará ìlú má baà rí wọn. Ọdún 1931 ni wọ́n tó kó àwọn adẹ́tẹ̀ tó kù kúrò. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ sófin nínú wọn. Bọ́ọ̀sì dúró díẹ̀, ó sì tún gbéra, torí Mandela ni èrò wá wò. Èmi yí ọrùn títí ibẹ̀ fi pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé wọn kò kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn bíi tèmi, mo ti ní èsì: ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwa ti wà ní Robben kí Mandela tó débẹ̀.

Kilmainham náà ní tirẹ̀. Ní 1916, nígbà tí àwọn ará Ireland dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yìnbọn pa àwọn aṣáájú wọn nínú àgbàlá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. James Connolly, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú náà, ti gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ lójú ogun, kò lè dìde. Wọ́n gbé e wá láti ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, wọ́n dè é mọ́ àga, wọ́n yìnbọn fún un níjòókòó. Àgbélébùú méjì ló wà nínú àgbàlá yẹn lónìí. Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun kan fún àwọn mẹ́tàlá. Èkejì wà ní ìpẹ̀kun kejì fún Connolly nìkan, nítòsí géètì tí wọ́n gbé e gbà wọlé. Ẹni tí kò lè rìn, kò rìn dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú sí.

Kì í ṣe ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nìkan ni aláàbọ̀ ara. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Àbújá níbí, agbẹjọ́rò ni, afọ́jú ni. Nígbà tí a jọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù kan, gbogbo ibi tó nawọ́ sí ni wọ́n ti ń kọ “má fọwọ́ kàn án”. Báwo ni afọ́jú ṣe fẹ́ wo ògiri? Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ògiri yàrá ẹ̀wọ̀n, ó tẹ́tí, ó ní ògiri yìí nípọn gan-an. Lẹ́yìn náà ló wọ inú yàrá lọ, ó ní, “Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi.” Ẹ̀rù ba amọ̀nà, ó wò mí. Mo ní ṣe bó ṣe wí. Ó ti í. Ìró irin yẹn lọ yí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ po kó tó dákẹ́, àwọn ọmọ iléèwé tó ń pariwo lẹ́yìn wa sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ láti inú, ó ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tún un tì. Àlejò tó lójú kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Alcatraz, ohùn àwọn wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe amọ̀nà létí àlejò, afọ́jú á gbádùn rẹ̀. Adití ńkọ́? Ó ń fẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún un, tàbí ẹni tó máa fi ọwọ́ sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò fún wa gbọ́dọ̀ béèrè pé èwo nínú wa ló ń bọ̀.

Òfin wà. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò láti tún ara wọn ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti pé láti oṣù kìíní 2024. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, dárúkọ mùsíọ́ọ̀mù àti àwọn ibi ìtàn nínú abala 30. N kò fẹ́ fi òfin pa yín lórí, àwọn agbẹjọ́rò pọ̀ níbí.

Bàbá kan dìde nígbà ìbéèrè, ó ní, “Ìyáàfin, ilé àtijọ́ ni. Bí a bá gé àtẹ̀gùn rẹ̀, tí a fẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣé a ò ti ba ìtàn jẹ́?” Ìbéèrè gidi ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé òkúta tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nítorí mi. Ramp onígi tàbí onírin tó ṣeé gbé sílẹ̀, tó ṣeé gbé kúrò, kì í fi ọwọ́ kan òkúta. Bí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá wà tí kò sọ́gbọ́n tí a lè dá sí i, ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ gbé e sísàlẹ̀ fún ẹni tí kò lè gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló so iná mànàmáná mọ́ ògiri àtijọ́ yẹn? Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ibẹ̀, àwọn amúnisìn ló fi sílẹ̀ ni? Ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń ra mínírà tútù? Gbogbo èyí ni wọ́n ṣe, ìtàn ò bàjẹ́. Ó wá ku ti kẹ̀kẹ́ tèmi, ni ìtàn bá di ẹyin. (Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.)

Ọmọdébìnrin kan bi mí pé níbo ni kí àwa tí kò lówó Cape Town ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní Lokoja. Ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sílé nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣu àti ẹja la máa ń dúró rà, a ó sì gbéra. Ní Lokoja ni wọ́n ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè fún Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, lábẹ́ Lugard. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè wá. Aliyu, ọba Kano, tí wọ́n mú ní 1903, Yola ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n tó gbé e wá sí Lokoja, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1926. Ìlú kan odindi tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n fún ọba, a sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún.

Èmi fẹ́ lọ. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kò sí wàhálà. Nítorí náà, ẹ̀yin tó bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, tí mọ́tò yín bá dúró ní Lokoja, ẹ yà sí ibi ìtàn kan níbẹ̀. Ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn ara dání, kò wúwo. Ẹ ka àtẹ̀gùn, ẹ wọn gíga ọ̀kan. Ẹ wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà láti igi férémù kan dé èkejì; ẹ má wọn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀, ṣé símẹ́ńtì ni àbí yanrìn, kẹ̀kẹ́ kì í lọ nínú yanrìn. Ẹ ṣí ilé ìtura, ẹ yà á ní fọ́tò bó ti wù kó rí. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó lẹ́yìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n sí i, torí wọ́n lè ti tún ibẹ̀ ṣe kí n tó débẹ̀.